Yọ Ọkọ̀ Mi Kúrò Nínú Fóònù Rẹ

Sí àkọ́bí mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí onílé yín bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń dáhùn ìkíni. Mo gbà á ládùúrà kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ayọ̀, kí ara yín le, kí ẹ má mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́. Àdúrà ni mo kọ́kọ́ gbà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Má wá rò pé nítorí mo kí ọ báyìí, inú mi yọ́ sí ọ. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi débi pé mo ti fọ́ ife kan láàárọ̀ yìí, ife náà kò sì ṣẹ̀ mí.

Lẹ́tà ni mo kọ, mi ò pè ọ́, nítorí pé bí mo bá pè ọ́, wàá ní o wà ní ìpàdé, wàá ní o máa pè mí padà. Irú ìpàdé wo ni ẹ ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yín kì í tán? Lẹ́tà kò gbọ́ èdè ìpàdé. Jókòó kí o kà á.

Ilé wà dáadáa. Àbúrò bàbá rẹ ti yọ eyín tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ò sì gbádùn mọ́ báyìí, torí ẹnu rẹ̀ ti yá láti máa sọ̀rọ̀. Ilé ìdáná ń jò, mo ti gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ti sanra. Ó tán. Gbogbo ìròyìn rere tó wà nílé nìyẹn, gbogbo èyí tó kù, ìbínú ni.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, ọkọ̀ ojú omi tó fi sílẹ̀ ni mo ń wà, òun ni mo fi ń jẹun, òun náà ló rán ọ nílé ìwé tí o fi wá gbọ́n jù mí lọ. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọdá ló ń dúró ní èbúté tí wọ́n á máa pariwo Ìyá Ọlọ́kọ̀. Àwọn míì nínú wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn. O sì mọ ẹ́ńjìnnì náà, èyí tó jókòó sí àárín ọkọ̀ nínú àpótí pákó. Bí ara rẹ̀ bá dá, omi tín-ín-rín kan máa ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, bí ìgbà tí ọmọkùnrin kékeré bá ń tọ̀. Omi yẹn ni bàbá rẹ fi kọ́ mi láti mọ̀ pé inú ẹ́ńjìnnì tutù. Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì kò tọ̀ mọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Omi yẹn ti ń ta sí aṣọ èrò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mo rò pé ó ti wá ní ọgbọ́n ni.

Nígbà tí ara rẹ̀ wá ń gbóná tí n kò lè gbé ọwọ́ lé àpótí rẹ̀ mọ́, mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì òdìkejì omi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ọwọ́-Epo. Ó wá. Ó mu tíì mi, ó bu ṣúgà sí i títí tíì fi ń dà nù, lẹ́yìn náà ló wá tú ìdí ẹ́ńjìnnì. Ó mú rọ́bà dúdú kékeré kan jáde tó ní apá yíká bí òdòdó, àwọn apá náà ti ya. Ó ní rọ́bà yìí ló ń yí nínú pọ́ǹpù tó ń fa omi gòkè láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára, pé òun máa fi ojúlówó rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọkọ̀ ojú omi. Ó dára. Mo bi í pé èló. Ó dá iye kan lé e tí mo fi ní kó tún un sọ, nítorí mo rò pé owó ẹ́ńjìnnì odindi ló ń pè.

Mi ò bá a jà. Mo gbé rọ́bà náà lọ sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ẹja, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo rẹ́ ẹ jẹ. Ọwọ́ òṣùwọ̀n kò mì rárá. Mo tún un gbé, kò mì. Ìdákọ̀ró tí mo rà lọ́jọ́sí, ènìyàn méjì ló gbé e wálé, owó rẹ̀ kò sì tó ti rọ́bà yìí. Ọwọ́-Epo ní a kì í fi ìwúwo díye lé ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Mo lé e lọ.

Ṣé o rántí sálúbàtà rọ́bà aláwọ̀ búlúù tí o fi ránṣẹ́ sí mi, tí o ní àwọn olówó ìlú ńlá ló ń wọ̀ ọ́? Mo mú ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀, mo gbé rọ́bà àtijọ́ lé e lórí, mo fi bírò yà á, mo fi ọ̀bẹ gé e. Ó rẹwà ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ bọ inú pọ́ǹpù fúnra mi, mo dè é, mo jí ẹ́ńjìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Èrò pàtẹ́wọ́ fún mi ní èbúté. Ara mi yá gágá, mo ń rò ó lọ́kàn pé mo lè ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Kò pẹ́ tí mo fi kó èrò láàárọ̀ ọjọ́ kan, tíṣà wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, kápíńtà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú pákó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fáníìṣì kùn fún oníbàárà rẹ̀. A dé àárín omi, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Èéfín yọ. Òórùn sálúbàtà jíjó gba gbogbo ọkọ̀. Ìṣàn omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ sí ibi tí kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Pákó kápíńtà la fi tukọ̀ dé èbúté. Kápíńtà ń tukọ̀, ó ń sunkún fáníìṣì rẹ̀. Aránṣọ ń fi àwo oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ gbọ́n omi. Tíṣà kò fọwọ́ kan pákó kankan, ó dúró sí àárín ó ń ṣàlàyé fún wa bó ṣe yẹ ká máa tù ú. Títí di òní, bí mo bá ti rí tíṣà yẹn, orí mi á gbóná.

Ta ló wá jẹ̀bi? Ìwọ ni. Ká ní sálúbàtà gidi ni o rà, ṣé á yọ́? Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ nílùú ńlá yẹn, kí ni wọ́n ń ṣe bí oòrùn bá mú? Ẹni tó tà á fún ọ rẹ́ ọ jẹ, ìwọ náà sì tẹ́wọ́ gbà á, o wá fi ayédèrú ránṣẹ́ sí ìyá tó bí ọ lọ́mọ. Padà lọ bá a jà. Mo ṣì ní ẹsẹ̀ kejì rẹ̀ nílé bí wọ́n bá ní kí o mú ẹ̀rí wá.

Mo tún ránṣẹ́ pe Ọwọ́-Epo, ó sì padà wá. Ó gba owó àtiwá, ó tún gba owó àtiwò, àfi bíi pé ojú rẹ̀ ń jẹ epo. Ó ní sálúbàtà ti yọ́ wọ inú gbogbo ọ̀nà omi, pé gáskẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ti jóná, pé pọ́ǹpù ti kú, pé iyọ̀ inú omi sì ti jẹ sítátà tó máa ń jí ẹ́ńjìnnì. Iye tó dá lé e, ìdúró ni mo wà kó tó sọ ọ́, ìjókòó ni mo wà nígbà tó sọ ọ́ tán. Èmi náà kì í ṣe òmùgọ̀, mo lọ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì mìíràn. Ọ̀kan dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kò wọ inú ọkọ̀, kò ṣí nǹkan kan, ó pe iye tí kò tó ìdajì ti Ọwọ́-Epo. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ ohun tó ń ṣe é nígbà tí kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ojú òun ti mọ́ iṣẹ́. Mo ní kó máa lọ kí ojú rẹ̀ má baà tún mọ́ owó mi. Èkejì pe iye tó ju ti ẹ́ńjìnnì tuntun lọ, ó sì nu ẹnu rẹ̀ nù bí ẹni tó jẹun tán.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́, tí o ní kí n ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì náà ránṣẹ́, pé o ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, pé kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì. Mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Èmi kì í ya fọ́tò pẹ̀lú ìdọ̀tí lára, bàbá rẹ kò yà á bẹ́ẹ̀ rí, ẹ́ńjìnnì tó bọ́ gbogbo wa kò sì ní tipasẹ̀ mi di ẹni ẹ̀tẹ́ lójú àwọn ará ìlú ńlá. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Mo ha ìpẹtà rẹ̀, mo nu gbogbo epo tó ń jò lára rẹ̀, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó ṣẹ́kù lára ti ilẹ̀kùn kùn ún. Ibi tó jóná, mo ta aṣọ tábìlì olódòdó mi bò ó. Mo yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó dára síta, aránṣọ wá bá mi tẹ fóònù. Fọ́tò náà dára ju ti ìgbéyàwó rẹ lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ wò ó. N ó máa pè é ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán láti òní lọ. Ó ní òun kò rí epo tó ń jò, òun kò rí ìpẹtà, òun kò rí àmì iná. Ó ní olè ni mẹkáníìkì mi. Ó tún ní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé sítátà ló bàjẹ́, kí n ra ti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́, pé ọ̀kan náà ni wọ́n, pé orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí ló ń mú ti ọkọ̀ ojú omi gbówó lórí. Ìwọ náà sọ ọ́ fún mi bí ẹni tó rí ìṣúra. Èmi náà gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́-Epo ní gbangba, níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo sì bú u débi pé mo bú àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n máa fi fọ́tò náà kó èrò.

Bó ṣe di pé mi ò ní ẹ́ńjìnnì nìyẹn, mi ò sì ní mẹkáníìkì. Àwọn èrò ń rìn yí omi ká láti àárọ̀ di ọ̀sán. Wọ́n ń kọjá ní ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ń kí mi ní ohùn tí wọ́n fi ń kí aláìsàn.

Wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọkùnrin onígò ojú kan dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti àwọn géńdé méjì pẹ̀lú okùn àti ọ̀pá. Ó dárúkọ rẹ. Ọkàn mi balẹ̀, mo rò pé mẹkáníìkì gidi ni o rán sí mi láti ìlú ńlá. Mo fún un ní àga tó ní tìmùtìmù. Mo din ẹja fún wọn, mo ra búrẹ́dì, mo wúre fún ọ níwájú wọn pé ọmọ tó mọ ìyá rẹ̀ ni ọ́. Ó jẹun, ó yó, ó ní kí n mú òun lọ síbi ẹ́ńjìnnì. Ó kó owó sórí àpótí, ó sì ní kí àwọn géńdé máa tú u. Mo ní láti ìgbà wo ni ẹni tó ń tún nǹkan ṣe ti ń sanwó fún ẹni tó ni ín? Ó ní òun kò wá tún nǹkan ṣe. Ó ní òun rí ẹ́ńjìnnì náà nínú fóònù, pẹ̀lú aṣọ tábìlì olódòdó, pé ìwọ lo gbé e síbẹ̀ fún títà, pé ẹ ti jọ dúnàádúrà parí.

Ìwọ. Ọmọ tí mo bí. Fọ́tò tí mo fi aṣọ tábìlì mi yà, o gbé e pàtẹ nínú fóònù kí gbogbo ayé máa wo ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ, kí wọ́n máa nájà rẹ̀, èmi tí mo wà nídìí rẹ̀ kò sì gbọ́.

Mo jókòó lé e. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì, kó gbé èmi náà kún un. Àwọn géńdé wo ara wọn, ọ̀kan ń bi èkejì bóyá okùn àwọn máa gbà á. Ọkùnrin onígò ojú bínú, ó fa aṣọ tábìlì kúrò, ó sì rí ibi tó jóná. Ariwo ta. Ó ní oníjìbìtì ni ọ́, ó ní o fi fọ́tò tan òun rin ìrìn jíjìn. Àkọ́bí mi, bí inú ṣe ń bí mi sí ọ tó yẹn, mi ò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo bú u láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe oníjìbìtì, mo ní bàbá tó bí i kò jí abẹ́rẹ́ rí, mo sì wà lórí ẹ́ńjìnnì tí ọmọ náà fẹ́ tà mọ́ mi lábẹ́ nígbà tí mò ń sọ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá mi bú ọ. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Ọkùnrin náà kó owó rẹ̀, ó sì tún tọrọ owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́yìn ẹja tó jẹ.

Nígbà tí mo pè ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, o kò bẹ̀ mí. Ohùn jẹ́jẹ́ lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ kó lè gba oògùn. O ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán ti kọ́ ọ ní ìṣirò kan, pé bí owó àtúnṣe ohun kan bá ti kọjá ìdajì iye tí wọ́n ń ta tuntun rẹ̀, ọlọ́gbọ́n kì í tún un ṣe mọ́, ṣe ló máa ń tà á kó tó di ìdọ̀tí. O ní mo ti ṣe tó. O ní yàrá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná yín, pé o ti ra bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, kí n wá sinmi. Ta ló bi ọ́ léèrè bẹ́ẹ̀dì? Kí ni n ó máa ṣe nínú ilé yín? Ṣé láti pálọ̀ sí ilé ìdáná ni n ó máa kó èrò? Níbí, bí mo bá sùn kọjá àkókò mi, odindi èbúté ló ń kan ilẹ̀kùn mi. Lọ́dọ̀ yín, ìyàwó rẹ á ní kí wọ́n rọra, Màmá ń sùn.

Mo gbé ìṣirò yẹn rò. Mi ò fi í ṣeré, nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́, o sì kàwé. Owó wà ní báńkì tí o fi ránṣẹ́ fún iṣẹ́ abẹ orúnkún mi, èyí tí dókítà ní wọ́n máa ṣí, wọ́n á sì fi irin sí i. Mo lọ sí ilé ìwòsàn, mo bi nọ́ọ̀sì iye tí wọ́n ń gbà láti tún orúnkún ṣe, ó sọ ọ́. Mo tún bi í pé èló ni wọ́n ń ta ìyá àgbà tuntun. Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Mo ní mi ò ṣeré, ìṣirò ọmọ mi ni. Ó ní kò sí lọ́jà. Mo bi tíṣà pé èló ni ìdajì ohun tí kò sí lọ́jà, ó ní òfo ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí tíṣà yẹn wúlò fún mi nìyẹn. Ó wá yé mi. Owó orúnkún mi ti kọjá òfo. Gẹ́gẹ́ bí òfin ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, mi ò yẹ ní títúnṣe.

Nítorí náà mo lọ gba owó náà. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan ní báńkì láti kún, ibì kan níbẹ̀ ní kí n kọ orúkọ ẹni tó sún mọ́ mi jù. Mo ronú sí i dáadáa, mi ò fẹ́ parọ́ fún báńkì. Ìwọ ń gbé níbi tí ènìyàn máa wọ mọ́tò di alẹ́ kó tó dé. Ọwọ́-Epo, omi nìkan ló wà láàárín wa. Mo kọ Ọwọ́-Epo. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní bí mo bá kú, ẹni yẹn ni báńkì máa wá. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó kéré tán kò ní sí ní ìpàdé.

Mo gbé owó lọ bá a. Ó ní níbi tí mo ti bú òun ni kí n ti bẹ òun, níwájú àwọn oníbàárà. Mo bẹ̀ ẹ́ tìbínú-tìbínú, mo pariwo rẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó ní òun ti gbà. Ó wá kó sítátà méjì síwájú mi, ti mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ àti ti ọkọ̀ ojú omi. Lójú mi, ìbejì ni wọ́n. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Ti mọ́tò ní ihò lára, iná kékeré á máa ṣẹ́ yọ níbẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá ń jí ẹ́ńjìnnì. Nínú mọ́tò, kò sí wàhálà, bí epo bá kán, ilẹ̀ ló ń bọ́ sí, afẹ́fẹ́ á gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí epo bá kán nínú ọkọ̀ tèmi, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa dúró sí, nínú àpótí pákó, òórùn rẹ̀ á kó jọ síbẹ̀. Iná tó bá ṣẹ́ sí i báyìí, ọkọ̀ á fò sókè pẹ̀lú gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ti ojú omi ni wọ́n dé pa pátápátá kí iná má ráàyè jáde, wọ́n sì kùn ún kí iyọ̀ má lè jẹ ẹ́. Nítorí ìdé yẹn ló ṣe wọ́n. Kì í ṣe orúkọ ara páálí.

Àkọ́bí mi, ṣé o fẹ́ dáná sun mí nítorí ẹ̀dínwó ni? Tíṣà máa wà nínú ọkọ̀ yẹn. Aránṣọ tó ń béèrè bóyá o ti sanra máa wà níbẹ̀. Sọ fún Mo-mọ̀-ọ́n-tán pé bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, kó fi sítátà mọ́tò sínú ọkọ̀ ojú omi kó sì kó ìyá tirẹ̀ sínú rẹ̀.

Ti ojú omi ni mo rà. Pọ́ǹpù, gáskẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tó ń di páìpù mú, gbogbo rẹ̀ ni mo ní kó fi han mí lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó dè é, mo sì gba gbogbo èyí tó yọ kúrò, kó má lọ kùn ún ní ọ̀dà kó tún tà á fún mi. Rọ́bà olódòdó náà, mo tún gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kò mì síbẹ̀. Mo sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó rí i lójú mi pé ó dùn mí. Nígbà tó jí ẹ́ńjìnnì, ó tọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ títí kan ṣòkòtò Ọwọ́-Epo. Mo rẹ́rìn-ín, mo rántí pé inú ń bí mi, mo dákẹ́.

Èrò ti padà. Mò ń kó wọn láàárọ̀, mò ń kó wọn nírọ̀lẹ́. Kápíńtà ti kan àga kan sí ìdí ìtọ́kọ̀ fún mi, nítorí mi ò lè dúró pẹ́ mọ́. Mi ò ní parọ́ fún ọ, orúnkún náà ń dùn mí. Bí a bá gúnlẹ̀, èrò méjì ló máa ń kì mí lápá kí n tó lè sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe é bíi pé àwọn kò ṣe nǹkan kan, kí ojú má baà tì mí.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Yọ ọkọ̀ mi kúrò nínú fóònù rẹ lónìí yìí, gbogbo àwọn tó bá sì ti wò ó, sọ fún wọn kí wọ́n má wò ó mọ́. Fi owó pákó kápíńtà ránṣẹ́, oníbàárà rẹ̀ ti kọ̀ ọ́, ó ní ó ń rùn bí omi. Fi owó páànù ilé ìdáná kún un. Fi ṣúgà díẹ̀ sí i, Ọwọ́-Epo ti mu tèmi tán. Bẹ́ẹ̀dì tí o rà yẹn, jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ máa sùn sórí rẹ̀.

Ní ti owó orúnkún mi, mi ò bẹ̀ ọ́. Jókòó pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ kí ẹ ṣírò rẹ̀. Iye tí ilé ìwòsàn pè kò tíì yí padà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ tán tí ẹ rí i pé mi ò tó o, ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mo tó o, ìwọ fúnra rẹ kó owó náà wá. Má fi rán báńkì.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó ṣọ́ àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Kí o dàgbà, kí o darúgbó kọjá ibi tí bàbá rẹ dé. Kí o gbó títí orúnkún tìrẹ náà á fi máa dùn ọ́. Ní ọjọ́ yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọmọ rẹ ṣírò rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Ọlọ́kọ̀